Ara Ẹni Ni Kí A Fi Wé Ara Ẹni: Bí A Ṣe Ń Fi Àkọsílẹ̀ Oníméjì-méjì Dán Àkóbá Òògùn Wò

Bí ogún èèyàn bá ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, tí mẹ́jọ nínú wọn sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé orí ń fọ́ àwọn, ohun tí ọ̀pọ̀ wa yóò kọ́kọ́ sọ ni pé òògùn yẹn ló ń fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ yẹn nìkan kò tíì sọ ohunkóhun fún wa, torí pé orí máa ń fọ́ èèyàn láìlo òògùn: oòrùn pa á, kò sùn dáadáa, ìrònú owó ilé-ìwé ọmọ kò jẹ́ kó sinmi. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé, mẹ́jọ yìí ju ti ta ni lọ? Ó ju ti ìgbà wo lọ? Ìdáhùn tí orí ìwé yìí dì mú ni pé kò sí ẹni tó ṣeé fi wé ẹni tó lo òògùn bí ẹni náà gan-an nígbà tí kò lò ó. Ìdáhùn yìí lágbára gan-an nínú ìṣirò. Àmọ́ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó sì ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé bí àwọn bá ti kọ nọ́ńbà “ṣáájú” àti nọ́ńbà “lẹ́yìn” sílẹ̀, iṣẹ́ ti parí.

Èèyàn kò dọ́gba, àìdọ́gba yìí ló sì ń da ìṣirò rú. Ẹnì kan lè sùn wákàtí mẹ́rin péré kí ojú rẹ̀ tó là, ẹlòmíràn kò ní jí títí wákàtí mẹ́jọ yóò fi pé. Bí a bá fún èèyàn mẹ́wàá ní òògùn kan, tí a fún mẹ́wàá mìíràn ní òògùn kejì, tí a wá fi ìpíndọ́gba oorun ọ̀wọ́ méjèèjì wéra, ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn lè pọ̀ débi tí yóò fi bo ìyàtọ̀ tó wà láàárín òògùn sí òògùn mọ́lẹ̀. Àkọsílẹ̀ oníméjì-méjì ń yanjú èyí láìsí wàhálà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún ìgbà tó lo òògùn, èkejì fún ìgbà tí kò lò ó tàbí tó lo òmíràn. A yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ohun tó kù ni a ó máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹni tí kì í sùn púpọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè ba ìṣirò wa jẹ́ mọ́, nítorí àìsùn rẹ̀ wà nínú nọ́ńbà méjèèjì, ìyọkúrò sì ti gbé e lọ.

Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù lọ nípa èyí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1905, Cushny àti Peebles tẹ ìwé kan jáde nípa òògùn oorun tí wọ́n dán wò lára àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Kalamazoo, ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Òru kan wọ́n á fún aláìsàn ní òògùn, òru kejì wọn kò ní fún un, wọ́n á sì ka iye wákàtí tí oorun fi lé sí i lórí ti òru tí kò sí òògùn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìyẹn ní 1908, William Sealy Gosset mú nọ́ńbà èèyàn mẹ́wàá nínú wọn, ó sì fi ṣàlàyé ìṣirò tuntun kan. Òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Guinness ní Dublin ni Gosset, ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbà kó fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ ìwé jáde, ìdí nìyẹn tó fi fi “Student” bo ara rẹ̀. (Ó ṣi orúkọ àwọn òògùn náà kọ, àṣìṣe tó wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣirò rẹ̀ ní tirẹ̀ kò yẹ̀.) Àwọn nọ́ńbà náà nìyí, láti ẹni kìíní dé ẹni kẹwàá, ní iye wákàtí tó lé. Ibi tí àmì ìdínkù bá wà, oorun dín kù ni:

Òògùn kìíní: 0.7, −1.6, −0.2, −1.2, −0.1, 3.4, 3.7, 0.8, 0, 2.0.
Òògùn kejì: 1.9, 0.8, 1.1, 0.1, −0.1, 4.4, 5.5, 1.6, 4.6, 3.4.

Ìpíndọ́gba òògùn kìíní jẹ́ 0.75, ti èkejì jẹ́ 2.33, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ 1.58, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ká kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé èèyàn mẹ́wàá kan náà ló lo òògùn méjèèjì, ká mú wọn bí ogún èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìṣirò Gosset, tí a ń pè ní t, yóò fún wa ní 1.86. Fún ogún èèyàn, t gbọ́dọ̀ tó 2.10 ká tó lè sọ pé èèṣì lásán kò sábà bí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn pé kò ju ìgbà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò tó o. Ibi tí òtítọ́ lè wà bẹ̀rẹ̀ láti −0.20 dé 3.36, òdo sì wà láàárín wọn, torí náà oníṣirò yóò ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òògùn méjèèjì yàtọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká dá èèyàn mẹ́wàá padà sí bí wọ́n ṣe jẹ́. Yọ nọ́ńbà òògùn kìíní kúrò nínú ti èkejì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, yóò ku 1.2, 2.4, 1.3, 1.3, 0, 1.0, 1.8, 0.8, 4.6, 1.4. Ìpíndọ́gba wọn ṣì ni 1.58, kò yí padà. Ohun tó yí padà ni ìtànkálẹ̀ wọn. Yọ 1.58 kúrò nínú ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan, fi ohun tó kù lu ara rẹ̀, ro gbogbo wọn pọ̀, yóò jẹ́ 13.6. Fi 9 pín in, ìyẹn iye èèyàn tí a yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀, kí o sì wá nọ́ńbà tí a bá fi lu ara rẹ̀ tí yóò fún wa ní èsì yẹn: 1.23 ni. Ìtànkálẹ̀ ìyàtọ̀ nìyẹn. Fi 3.16 pín 1.23, nítorí 3.16 lu ara rẹ̀ fún wa ní 10, iye èèyàn tó wà níbẹ̀. Yóò jẹ́ 0.39. Èyí ni ìwọ̀n bí ìpíndọ́gba wa ṣe lè mì síhìn-ín sọ́hùn-ún tó bó bá jẹ́ pé èèyàn mẹ́wàá mìíràn la mú. Paríparí rẹ̀, fi 0.39 pín 1.58, t jẹ́ 4.06. Fún ìyàtọ̀ mẹ́wàá, 2.26 péré la nílò. Ibi tí òtítọ́ lè wà ti sún mọ́ra, láti 0.70 dé 2.46, òdo ti jìnnà sí i. Nọ́ńbà kan náà, èèyàn kan náà, ìpíndọ́gba kan náà: ẹnì kan ní òun kò rí nǹkan kan, ẹnì kejì rí i kedere, torí pé ẹnì kejì rántí ẹni tó ni nọ́ńbà wo.

Ẹni tí ìṣirò gígùn yìí kò wù lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà tó kúrú. Nínú ìyàtọ̀ mẹ́wàá, òdo jẹ́ ọ̀kan, mẹ́sàn-án yòókù ló jẹ́ pé òògùn kejì ló borí. Bí òògùn méjèèjì bá dọ́gba, ó dà bí ìgbà tí a ju owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án tí ojú kan náà sì hàn ní gbogbo ìgbà. Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà 256, ojú yòówù kó jẹ́. Ọ̀nà kúkúrú yìí wúlò gan-an nígbà tí ẹnì kan bá yọrí láàárín àwọn yòókù, bí ẹni kẹsàn-án wa tó ní 4.6, nítorí kò ka bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó sí, ibi tó kọjú sí nìkan ló ń wò. Frank Wilcoxon gbé ọ̀nà kan jáde ní 1945 tó wà láàárín méjèèjì: a to ìyàtọ̀ láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, ipò wọn la ó sì máa kà dípò ìwọ̀n wọn. Bí àkọsílẹ̀ yín bá jẹ́ ti máàkì ìrora tí aláìsàn fún ara rẹ̀, ọ̀nà owó ẹyọ ni kí ẹ lò, torí kò dájú pé láti 2 sí 4 jọ láti 7 sí 9. Kọ̀ǹpútà ń ṣe gbogbo rẹ̀ ní wàrà-wéré. Nínú Excel, T.TEST ni iṣẹ́ náà, ẹ rí i pé nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ jẹ́ 1, torí òun ló ń sọ fún un pé àkọsílẹ̀ oníméjì-méjì ni. Ẹni tó bá sì ń lo R yóò bá nọ́ńbà èèyàn mẹ́wàá yìí gan-an nínú rẹ̀, lábẹ́ orúkọ sleep, kó fi kọ́wọ́.

Oorun ni wọ́n ń wá ní Kalamazoo, ẹnìkan lè wá béèrè pé kí ló kan àkóbá níbẹ̀. Ìṣirò kò mọ ohun tí a fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí a kò fẹ́. Ẹ fi Piriton, tí ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ń lò fún ara yíyún, rọ́pò òògùn oorun yẹn, oorun tó lé ní wákàtí kan ààbọ̀ di àkóbá fún awakọ̀. Ọ̀nà ìṣirò kò yí padà rárá.

Àmọ́ àkóbá púpọ̀ kò ní wákàtí tàbí ìwọ̀n. Ó wà tàbí kò sí ni. Ẹ wo lisinopril, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a mọ̀ pé ó máa ń fa ikọ́ gbígbẹ. Ká ní a fún 60 èèyàn ní lisinopril ní ìgbà kan, a sì fún wọn ní hóró òfìfo ní ìgbà kejì, ìyẹn hóró tó jọ òògùn ṣùgbọ́n tí kò ní òògùn nínú (kì í ṣe ayédèrú tí NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ òògùn ní Nàìjíríà, ń lé kiri, àwọn tó wà nínú ìdánwò mọ̀ pé àwọn lè gbà á). Ká tún ní mẹ́fà wúkọ́ ní ìgbà méjèèjì, 38 kò wúkọ́ rárá, 13 wúkọ́ nígbà òògùn nìkan, mẹ́ta wúkọ́ nígbà hóró òfìfo nìkan. Quinn McNemar ló fi hàn ní 1947 pé èèyàn 44 tí nǹkan kò yàtọ̀ fún kò ní ẹ̀rí kankan láti jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń wúkọ́ yálà ó lo òògùn tàbí kò lò ó kò lè sọ ohun tí òògùn ṣe. Mẹ́rìndínlógún yòókù ló ń sọ̀rọ̀. Bí òògùn kò bá jẹ̀bi, kí wọ́n pín sí mẹ́jọ-mẹ́jọ ló yẹ, ó kàn lè yẹ̀ díẹ̀. Kí 16 pín sí 13 àti 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níhà yòówù, kò lè ṣẹlẹ̀ ju nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọgọ́rùn-ún bó bá jẹ́ èèṣì lásán. Àwọn èèyàn máa ń bínú sí ọ̀nà yìí pé ó kó èèyàn 44 dànù. Kò kó wọn dànù. Bí a bá fẹ́ mọ bí àkóbá náà ṣe wọ́pọ̀ tó, a ó ní mẹ́wàá lé nínú 60, ìyẹn 13 tí a yọ mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, 44 sì wà nínú 60 yẹn.

Títí dé ibí, a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé níní méjì-méjì ti tó. Kò tó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú irú iṣẹ́ yìí ni kí a mú nọ́ńbà ṣáájú òògùn àti nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀, ká yọ wọn kúrò nínú ara wọn, kí t tóbi, ká sì dá òògùn lẹ́bi tàbí ká dá a láre. Ìṣirò á sọ òtítọ́, pé nǹkan yí padà láàárín ìgbà méjèèjì. Kò lè sọ pé òògùn ló yí i padà, nítorí òògùn kọ́ ni ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lisinopril ní oṣù Kọkànlá, ọyẹ́ ni yóò bá a ní oṣù Kejìlá, ikọ́ á sì bá ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò tí kò fẹnu kan òògùn rí. Bákan náà, èèyàn kì í sábà lọ bá dókítà lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ dá. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ le jù ló ń lọ, ọjọ́ yẹn la sì ń kọ nọ́ńbà “ṣáájú.” Ara á rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà fúnra rẹ̀, yóò sì bo àkóbá tí òògùn ń ṣe mọ́lẹ̀. Torí náà “ṣáájú àti lẹ́yìn” lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, ó sì lè tú ẹlẹ́bi sílẹ̀, kò sì sí bí a ó ṣe mọ èyí tó ṣe nínú méjèèjì láti inú nọ́ńbà.

Ohun kẹta tó ń yí padà ni ìrètí, òun ló sì le jù láti gbà. Statin ni òògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa á tì nítorí iṣan ríro àti ara wúwo. Àwọn olùwádìí ní Imperial College London kó 60 èèyàn jọ tó ti pa á tì nítorí àìlera tó dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgò méjìlá fún oṣù méjìlá: atorvastatin 20 mg wà nínú mẹ́rin, hóró òfìfo wà nínú mẹ́rin, mẹ́rin kò ní nǹkan kan nínú rárá. Kèké ló sọ èyí tí yóò ṣáájú. Lójoojúmọ́, onítọ̀hún á fi fóònù rẹ̀ fún àìlera rẹ̀ ní máàkì láti òdo dé 100. Àbájáde rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 2020 lábẹ́ orúkọ SAMSON, nìyí: lóṣù tí kò sí hóró kankan, ìpíndọ́gba máàkì jẹ́ 8.0, lóṣù statin, ó jẹ́ 16.3. Bí ẹ bá dúró síbẹ̀, òògùn náà sọ àìlera di ìlọ́po méjì, t yóò sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n lóṣù hóró òfìfo, máàkì náà jẹ́ 15.4. Nínú gbogbo ohun tí statin fi kún àìlera, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni hóró òfìfo náà fi kún un.

Atakò kan máa ń tẹ̀ lé èyí lójú ẹsẹ̀: ṣé irọ́ ni àwọn aláìsàn ń pa ni? Rárá o. Ẹ tún wo nọ́ńbà yẹn: máàkì àìlera fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì nígbà tí wọ́n ń gbé hóró òfìfo mì. Ìrora yẹn wà lára wọn ní tòótọ́. Ohun tí àkọsílẹ̀ náà já ní koro ni orúkọ ẹni tó fà á. Bí a bá sì fi èyí han aláìsàn nínú nọ́ńbà tirẹ̀, ó lè wúlò fún un ju ìwàásù lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 30 nínú 60 yẹn ti padà sórí statin. Fún ẹni tó ń ṣe ìṣirò, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé méjì tó yẹ ká so pọ̀ ni òògùn àti hóró òfìfo. Òògùn àti àìlo-nǹkankan kì í ṣe méjì tó bára mu bí ìbéèrè wa bá dá lórí òògùn.

Òǹkàwé tó bá ti dàgbà díẹ̀ lè ní atakò tirẹ̀. Chloroquine tí a ń lò fún ibà nígbà kan yún wa, a sì mọ̀ pé òun ni, kò sẹ́ni tó fún wa ní hóró òfìfo. Òótọ́ ni. Ekpechi àti Okoro ti kọ̀wé lórí ara yíyún yìí láti 1964, kí Nàìjíríà tó fi òògùn aláròpọ̀ tí artemisinin wà nínú rẹ̀ rọ́pò chloroquine ní 2005. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn ṣe láìmọ̀ pé ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó yún lẹ́ẹ̀kan ń yún lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta tó bá lò ó. Bó bá lo òògùn ibà mìíràn, kì í yún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lo chloroquine kan náà, ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Àkọsílẹ̀ oníméjì-méjì tó tún ara rẹ̀ ṣe léraléra nìyẹn, òògùn ibà kejì ló sì dúró bíi hóró òfìfo. Ibi tí àkóbá bá tóbi, tó tètè dé, tó sì ń padà wá lọ́nà kan náà, ojú lásán lè rí i. Iṣan ríro, àárẹ̀, ẹ̀fọ́rí kì í ṣe irú ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló nílò ìdánwò tó gún régé.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ṣẹ́ kèké fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó máa ṣáájú, kí nǹkan bí ìdajì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òògùn, kí ìdajì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hóró òfìfo. Ọyẹ́ àti àkókò á wá kan ìhà méjèèjì dọ́gba. Kí aláìsàn àti ẹni tó ń kọ máàkì rẹ̀ má mọ èyí tó wà nínú ìgò. Kí àyè wà láàárín ìgbà méjèèjì kí òògùn àkọ́kọ́ àti ohun tó fà tó kúrò lára, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ikọ́ lisinopril sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn tí a bá dá òògùn dúró, àmọ́ ó lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta lára ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fún ọ̀sẹ̀ kan péré láyè yóò máa ka ikọ́ òògùn mọ́ hóró òfìfo lọ́rùn. Bí ara ṣe gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà kí ìgbà kejì tó bẹ̀rẹ̀ ló fà á tí ọ̀nà yìí kò fi bá àìsàn tó ń dé tó sì ń lọ mu, bí ibà. Ibà tòní kì í ṣe ibà oṣù tó ń bọ̀. Àìsàn tó dúró sójú kan, bí ẹ̀jẹ̀ ríru, ló bá a mu.

Wọ́n tún máa ń so ohun méjì mìíràn pọ̀ yàtọ̀ sí ìgbà méjì. A lè fi ìpara sí apá ọ̀tún, ká fi òmíràn sí apá òsì. Ti ojú gba ìṣọ́ra: timolol tí a kán sí ojú kan máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ojú kejì, ó sì ń dín ìfúnpá ibẹ̀ náà kù, torí náà ojú kejì kò wá mọ́ mọ́. Ìbejì ńkọ́, nílẹ̀ tí Igbó-Ọrà, ìlú tó kún fún ìbejì, wà? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìbejì tó mú ilẹ̀ Yorùbá lókìkí ló ti inú ẹyin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, wọn kò jọ ara wọn nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí ọmọ ìyá méjì ṣe jọra lọ. Wọ́n sàn ju àjèjì méjì lọ, wọn kò sì tó ẹnì kan náà lọ́nàkọnà.

Atakò tó wúwo jù lọ sí ohun gbogbo tí a ti sọ ni pé ìpíndọ́gba kì í ṣàìsàn. Ẹni karùn-ún ní Kalamazoo kò rí ìyàtọ̀ kankan, ẹni kẹsàn-án rí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ó lé díẹ̀, 1.58 kò sì bá ìkankan nínú wọn mu. Mo gba atakò yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí ẹnì kan wo méjì kan ṣoṣo tí ẹni kẹsàn-án ní, kó sì sọ pé ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Bóyá àwọn òru tó dára ló bọ́ sí. Bó bá jẹ́ ẹnì kan la fẹ́ dájọ́ fún, àfi kí a tún méjì náà ṣe lára rẹ̀ léraléra, òògùn àti hóró òfìfo, pẹ̀lú kèké ní gbogbo ìgbà. Bí a bá fẹ́ lo ọ̀nà owó ẹyọ, ìgbà mẹ́fà ló kéré jù. Bí òògùn bá burú ju òfìfo lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èèṣì kò lè ṣe irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú 32. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré, ẹ̀ẹ̀kan nínú 16 ni, ìyẹn sì ti kọjá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́wàá bá ṣe méjì mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ má kó wọn pọ̀ kí ẹ pè wọ́n ní 60. Èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ tirẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò t.

Ẹ yan àkóbá tí ẹ ń wá kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá béèrè nípa ogún àìlera tí kò bára wọn tan, tó sì ń fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ààlà, ó ṣeé ṣe lọ́nà 64 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó rí ó kéré tán ọ̀kan tó “dájú” lára òògùn tí kò ṣe nǹkan kan. Kó wá rò pé òun ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Bí ìṣirò kò bá sì rí nǹkan kan, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé àkóbá kò sí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ní àkóbá kan pàtó nínú 60 èèyàn, ohun tí a lè sọ ni pé bóyá kò kọjá ẹni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún: a fi iye èèyàn pín mẹ́ta, mẹ́ta nínú 60. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ gan-an fún ohun tó lè pa èèyàn. Ètè àti ahọ́n tó ń wú tí àwọn òògùn ẹbí lisinopril máa ń fà kì í wọ́pọ̀, ìdánwò kékeré kò ní bá a pàdé, a kò sì gbọ́dọ̀ tún irú èyí dán wò lára ẹni tó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ìròyìn láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, apòògùn àti aláìsàn ni a fi ń rí i, èyí tí NAFDAC ń gbà tí ó sì ń fi ránṣẹ́ sínú ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé tí Nàìjíríà wọ̀ ní 2004.

Ó ku àwọn tó kúrò láàárín ọ̀nà. Méjì tí ọ̀kan sọnù nínú rẹ̀ kò ṣeé yọ kúrò nínú ara wọn, kọ̀ǹpútà á sì kàn fò ó dá láìsọ fún yín. Ẹni tí òògùn ń jẹ níyà jù ló sì máa ń kọ́kọ́ kúrò. Nínú SAMSON, 49 ló parí gbogbo oṣù méjìlá nínú 60, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tí ara ń ni dá ìgò oṣù náà dúró kí wọ́n bọ́ sí èyí tó kàn láìfi ìdánwò sílẹ̀. Èmi yóò fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fi àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ ìròyìn yín, ẹ kọ iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀, iye méjì tó pé, ìgò tó wà lọ́wọ́ ẹni tó kúrò lọ́jọ́ tó kúrò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá kọ t.